Títì Scalextric kò wọ ti Carrera: kí la lè dà pọ̀, kí ni a kò lè dà pọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Asẹ́rò ni mò ń gbé, ní Abẹ́òkúta. Bùọ̀dá mi tó wà ní London fi páálí Scalextric kan, eré ọkọ̀ oníná tó ń sáré nínú kòtò ojú títì ike, ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi. Nígbà tó yá, mo rí páálí Carrera tòkunbọ̀ kan rà, irú eré kan náà láti iléeṣẹ́ mìíràn. Aládùúgbò wa kan tó ti Amẹ́ríkà dé tún fún wa ní ẹ̀kẹta, Tyco ni wọ́n kọ sí i lára, ọkọ̀ inú rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Títì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wọnú ara wọn. Nínú Scalextric yẹn gan-an, abala títì mẹ́fà wà tó kọ̀ láti bá àwọn yòókù so. Ọkọ̀ Scalextric rìn lórí títì Carrera, àmọ́ ẹ̀yìn ló ń fi rìn. Ṣé a lè da gbogbo rẹ̀ pọ̀ ká fi ṣe títì ńlá kan? Ṣé mo sì lè ki ádápítọ̀ Amẹ́ríkà yẹn bọ iná wa?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ ádápítọ̀ ni n ó kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè dá iná sílẹ̀. Ẹ má tíì kì í bọ ibi kankan. Ẹ wo ara rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ INPUT sí. Bí 120V nìkan bá ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná Amẹ́ríkà ló wà fún. Tiwa jẹ́ 230V, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀ yóò gbóná, ike rẹ̀ yóò yọ́, òórùn á gba ilé kan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹnu púlọ́ọ̀gì tí àwọn kan máa ń fi sí i kò ràn án lọ́wọ́: ẹnu nìkan ló yí padà, iná tó ń gbà á kọjá kò yí. Bí ẹ bá rí 100–240V, kò séwu, ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa wá fún un. Èyí tó bá Scalextric London wá kò ní wàhálà, torí iná wọn àti tiwa ò yàtọ̀, púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn náà la sì ń lò.

Ó wá ku títì. Ọkọ̀ lè lọ ṣàlejò lórí títì iléeṣẹ́ mìíràn, bí wọ́n bá ti jẹ́ ẹgbẹ́ ní títóbi. Títì fúnra rẹ̀ kì í gba àjèjì mọ́ra. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ẹ ó dẹ́kun fífi agbára ti ike sínú ike, torí ahọ́n ìsopọ̀ tó bá ti kán kò ṣeé lẹ̀ padà kó dúró.

Ìdí rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn bí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1957 ni Fred Francis, ará England, gbé Scalextric jáde láti iléeṣẹ́ rẹ̀, Minimodels. Ọkọ̀ Scalex tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ kò lo iná, sípíríńgì ló ń gbé e sáré. Ìgbà tó fi iná sí i ló fa orúkọ náà gùn. Lọ́dún kejì ó ta iṣẹ́ náà fún Lines Bros, iléeṣẹ́ ohun ìṣeré tó ni Tri-ang. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Hornby. Rọ́bà ni títì àkọ́kọ́. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sọ ọ́ di ike, ike yẹn tí a ń pè ní Classic báyìí ni wọ́n sì tà fún nǹkan bí ogójì ọdún. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n gbé Sport jáde, tí ẹnu ìsopọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti Classic. Orúkọ kan náà ló sì wà lára páálí méjèèjì.

Ibẹ̀ ni abala mẹ́fà yín ti wá. Ẹni tó ta páálí yẹn fún bùọ̀dá yín ti da Classic mọ́ Sport. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún wò: ojú Sport dán, ti Classic kò dán, ó ń ha ọwọ́ díẹ̀ bíi sáńdípépà tó ti gbó. Ẹ yí i dojú bolẹ̀ pẹ̀lú: púpọ̀ nínú Classic ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PT. Wàhálà yìí ní oògùn tirẹ̀. Hornby ṣe abala ìsopọ̀ kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ C8222, ẹnu Sport ló wà ní apá kan, ẹnu Classic ní apá kejì. Méjì lẹ nílò, ọ̀kan níbi tí ọkọ̀ ti ń wọ apá Classic, èkejì níbi tó ti ń jáde. Kí bùọ̀dá yín bá yín wá a, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ wo irin tó ń gbé iná lójú títì Classic yẹn dáadáa. Bí ó bá ti dípẹtà débi tó ti jẹ ihò, owó abala ìsopọ̀ náà á ra abala Sport tuntun.

Ibi tó ti wá lọ́jú pọ̀ jù ni ti Spain. Láti 1962, iléeṣẹ́ Exin ní Barcelona gbàṣẹ láti máa ṣe Scalextric tiwọn, títì kan náà. Nígbà tó yá, iṣẹ́ yẹn kúrò lọ́wọ́ Exin, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọ́n sì ń ta á lẹ́yìn Spain lórúkọ SCX. Nítorí náà, bí ẹ bá rí títì SCX analog (èyí tí kì í ṣe Digital, n ó ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn níwájú), á bá abala Classic yín so láìjà láìta, nígbà tí Sport tó jẹ́ ọmọ ìyá Classic kò ní bá a so. Ẹ má fi orúkọ páálí ra títì láé. Ẹnu ìsopọ̀ ni kí ẹ máa wò. Títì SCX Digital tún yàtọ̀ sí gbogbo èyí.

Ti Carrera rọrùn díẹ̀. Hermann Neuhierl ló dá a sílẹ̀ ní Fürth, ní Jámánì, ní 1963. Lónìí, oríṣi Carrera mẹ́ta, Evolution (analog ni), Digital 132 àti Digital 124, ń lo títì ńlá kan náà. Carrera GO!!! kéré, títì tirẹ̀ dá wà. Bí ọkọ̀ Scalextric yín ṣe rìn lórí tiyín, títì ńlá ló jọ. Ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n kó lè dájú: abala tó tọ́ gbọ́dọ̀ gùn tó 345 mm, kó fẹ̀ tó 198 mm. Scalextric gùn ní 350 mm, 156 mm ni ìbú rẹ̀. Gígùn wọn sún mọ́ra, ìyẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Ìbú ni ọ̀rọ̀ wà. Láti àárín kòtò kan sí èkejì jẹ́ bíi 10 cm lórí Carrera, 78 mm lórí Scalextric. Ninco ará Spain, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, wà láàárín wọn pẹ̀lú 90 mm, abala tirẹ̀ sì gùn tó 400 mm. Kódà bí ẹ bá gé ẹnu ìsopọ̀ méjèèjì kúrò tí ẹ fi ẹnu kan ẹnu, kòtò kò ní kojú kòtò.

Àwọn kan ń fi ẹ̀rọ 3D tẹ abala ìsopọ̀ láàárín Carrera àti Scalextric. Mi ò ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ ná owó lé e lórí fún eré ọmọdé. Irin kì í sábà dọ́gba níbi tí wọ́n ti pàdé, ibẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ á sì ti máa fò jáde.

Tyco yẹn, ẹ gbé e sọ́tọ̀. Ìdílé HO, ìyẹn àwọn ọkọ̀ kékeré, ló ti wá, èyí tí Aurora sọ di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà láti 1960. Tyco wọ ọjà náà, Mattel sì ra Tyco ní 1997. Orúkọ AFX tí Aurora ń lò bọ́ sọ́wọ́ Tomy, síbẹ̀ títì Aurora àti ti Tomy kò so láìsí abala àárín. Ní kúkúrú, kò sí ohun tó pa HO pọ̀ mọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá yín. Ẹ wá ádápítọ̀ tó bá iná wa mu, tí iná tó ń jáde nínú rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ síbi OUTPUT lára ti àtijọ́ mu, kí àwọn ọmọ máa fi ṣeré lọ́tọ̀.

Fún ọkọ̀, ìwọ̀n ni kí ẹ wò. Ọkọ̀ gidi tó gùn ní mítà 4.5 á jẹ́ bíi 14 cm ní 1:32 (ìyẹn ìdá kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n), 19 cm ní 1:24, 10.5 cm ní 1:43, 7 cm ní 1:64. Scalextric yín máa jẹ́ 1:32. Irú rẹ̀ lè rìn lórí Carrera, Ninco àti SCX analog. Ọkọ̀ Carrera 1:24 kò lè rìn ní ẹgbẹ́ ara wọn lórí Scalextric: ìbú wọn tó bíi 8 cm, àlàfo àárín kòtò kò sì tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa gbá ara wọn. Carrera 1:32 máa rìn, àmọ́ ẹ wo ahọ́n tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tó ń wọ inú kòtò. Kòtò Carrera jìn, nítorí náà ahọ́n wọn gùn. Lórí Sport, ó lè kanlẹ̀, kí iwájú ọkọ̀ gbéra, kí wáyà híhun abẹ́ rẹ̀ tó ń gba iná má kan irin mọ́. Ẹ fi sáńdípépà bù ú kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa dán an wò lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí a bá ti gé kò ṣeé dá padà.

Ọkọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ gbé e yí padà kó kọjú sí ibi tí ìdí rẹ̀ kọ sí. Lórí títì analog, irin kan ni pọ́sítíìfù, èkejì ni nẹ́gétíìfù, wọn kì í yí padà. Bí ọkọ̀ bá kọjú síbi tí kò yẹ, iná á gba òdì wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì yí sẹ́yìn. Bí àwọn ọkọ̀ Carrera bá ń lọ sí apá ọ̀tún, tí Scalextric nìkan ń fẹ̀yìn bá wọn lọ bó tilẹ̀ kọjú síbi tí wọ́n kọjú sí, ẹ yọ wáyà kékeré méjì tó wọ inú ahọ́n rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kan sí ipò èkejì. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Àmọ́ kí ẹ tó tún gbé ọkọ̀ Scalextric sórí rẹ̀, ẹ wo bóyá Digital ni wọ́n kọ sára páálí Carrera náà. Lórí analog, bí ọmọ ṣe ń tẹ nǹkan ọwọ́ ni iná ṣe ń pọ̀ sí i lórí irin. Lórí digital, iná kíkún wà lórí irin nígbà gbogbo. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kékeré inú ọkọ̀ ló ń pinnu ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì á gbà. Ọkọ̀ analog kò ní in, torí náà á sáré dé góńgó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti rí èyí, ẹ yára gbé e kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì á jó. Digital Scalextric àti ti Carrera pàápàá kò gbọ́ èdè ara wọn.

Bí tiyín bá jẹ́ Evolution, títì Carrera ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe títì gangan, kí ọkọ̀ Scalextric máa bá wọn ṣeré lórí rẹ̀. Ìdí méjì ni. Ọkọ̀ Scalextric kò nílò gígé ahọ́n kó tó wọ kòtò tó jìn. Èkejì ni pé irin Carrera kì í dípẹtà, irin Scalextric ń dípẹtà, a sì mọ bí òjò oṣù kẹfà ṣe máa ń mú ọ̀rinrin wọlé. Pákó púláíwúùdù 4 nípa 8 kan (122 × 244 cm) á gbà á: abala ọ̀nà kọ́rọ́ mẹ́fà, irú èyí tó jẹ́ 60°, àti abala títọ́ mẹ́jọ, mẹ́rin ní apá kọ̀ọ̀kan. Á gùn tó bíi 217 cm, á fẹ̀ tó bíi 80 cm, ẹ ó sì tún ní àyè fún ọmọ tó ń dá ọkọ̀ padà. Ẹ má tò ó sórí kápẹ́ẹ̀tì, torí òwú á máa wé mọ́ ẹ̀yìn táyà.

Fún irin Scalextric tó ti dípẹtà, ẹ lo rọ́bà ìparẹ́ tó le, lẹ́yìn náà kí ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú sípírítì nù ún. Ẹ má lo irun irin tí a fi ń fọ ìkòkò. Fọ́nrán rẹ̀ á kù sínú kòtò, òòfà abẹ́ ọkọ̀ á fà á wọ inú ẹ́ńjìnnì, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù á pàdé níbẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, eruku ló máa pọ̀. Aṣọ gbígbẹ tó fún un. Bí ẹ bá ti kó títì palẹ̀, ẹ di í sínú nílọ́ọ̀nù pẹ̀lú àpò kékeré agbọ̀rinrin tó máa ń wà nínú páálí bàtà.

Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì ọkọ̀ 12V tó kún lè gbé Scalextric analog dáadáa, Carrera náà á rìn ṣùgbọ́n kò ní yá tó ti tẹ́lẹ̀, torí 14.8V ni tirẹ̀. Fíúsì 3A pọn dandan lórí wáyà pọ́sítíìfù, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí orí bátìrì ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Bí irin méjì bá kan ara wọn láìsí fíúsì, bátìrì ọkọ̀ á jó wáyà di pupa. Kí ẹni tó ń tún rédíò ṣe fi mítà wo èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù ní ẹnu ádápítọ̀ àtijọ́ kó tó so ó. Ẹ má dán bátìrì wò lórí digital.