Ìbéèrè yín lórí ọkọ̀: Tápẹ́ẹ̀tì àti camshaft alágbára

Mo ní GMC Yukon ọdún 2010, ẹ́ńjìnnì V8 5.3. Ó ti ń dún ta-ta-ta láàárọ̀ láti bí oṣù méjì, iná ẹ́ńjìnnì sì ti tàn. Mẹkáníìkì mi ní Apo ní tápẹ́ẹ̀tì kan ló kú, pé ká ra méjì péré. Èrò tèmi ni pé bí a bá ti máa tú u, kí n kúkú fi camshaft alágbára sí i. Ṣé ó bójú mu? — Òǹkàwé, Kubwa

Ó bójú mu, ṣùgbọ́n tápẹ́ẹ̀tì mẹ́rìndínlógún lẹ máa rà, kì í ṣe méjì. Camshaft ni ọ̀pá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì láti ṣí fáàfù, tápẹ́ẹ̀tì ló sì wà láàárín tó ń gba ìtì rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yín ní AFM, ètò tó máa ń fún sílíńdà mẹ́rin (1, 4, 6 àti 7) nísinmi nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́jẹ́ lójú títì, kí epo má baà tètè tán. Tápẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ tó wà fún sílíńdà wọ̀nyẹn ní píìnì kéékèèké nínú, agbára ọ́ìlì ló sì ń darí wọn. Bí ọ́ìlì bá dọ̀tí, tàbí tó pẹ́ jù kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, píìnì á há. Tápẹ́ẹ̀tì á wọlé, kò ní jáde mọ́. Fáàfù kò ní ṣí, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbọ̀n. Bí ẹ bá ń wà á lọ bẹ́ẹ̀, róólà abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì lè yí ẹ̀gbẹ́, kó máa họ camshaft. Irin tó bá họ yẹn á bá ọ́ìlì lọ dé gbogbo bíárìn.

Ohun tó mú wa kọ méjì péré ni pé ọ̀kan ló kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ́ìlì kan náà ni àwọn méje yòókù ń mu.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn kan á yọ tápẹ́ẹ̀tì AFM kúrò, wọn á fi èyí tí kò ní píìnì sí i, wọn á wá dá camshaft àtijọ́ padà. Kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ẹyin camshaft, ìyẹn ibi tó yọ gọngọ tó ń ti tápẹ́ẹ̀tì sókè, kò rí bákan náà lórí sílíńdà AFM àti lórí àwọn yòókù. Bí AFM bá ti kúrò, camshaft náà ní láti kúrò. Níbí ni èrò yín ti bá iṣẹ́ mu.

Ẹ yọ AFM kúrò pátápátá. Ẹ ra tápẹ́ẹ̀tì róólà 16, irú èyí tí wọ́n ń pè ní LS7, ike tó ń di tápẹ́ẹ̀tì mú, 4, tí kì í ṣe ti AFM, camshaft tí kò ní AFM, ìbòrí àárín ẹ́ńjìnnì tó ní O-ring tó máa dí ihò ọ́ìlì AFM mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, gasket top cylinder 2, bóòtù top cylinder tuntun, timing chain, àti spring fáàfù 16 tó bá gíga camshaft tuntun mu. Ẹ má fi ike àtijọ́ ṣe ètò ìfowópamọ́. Ooru ti gan án, bí ó bá ya, tápẹ́ẹ̀tì á yí nínú ihò rẹ̀.

Top cylinder méjèèjì ló máa sọ̀, nítorí tápẹ́ẹ̀tì kò lè gba ibòmíràn jáde. Bóòtù ńlá tí ẹ bá tú kò ṣeé lò mọ́: a ṣe é kó fà díẹ̀ nígbà tí a bá ń dè é, ó sì ti fà. Kí èyí tuntun tó wọlé, ẹ fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ihò rẹ̀ gbẹ. Bí omi tàbí ọ́ìlì bá kù nísàlẹ̀, bóòtù á tẹ̀ ẹ́, kò sì ní ríbi lọ. Block ló máa là. Ẹ dè é láti àárín lọ síta: 30 Nm lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà 90°, lẹ́yìn náà 70°. Bóòtù kéékèèké márùn-ún tó wà lórí top kọ̀ọ̀kan kò ju 30 Nm lọ.

Kí top tó jókòó pátápátá, ẹ lẹ amọ̀ ìṣeré ọmọdé mọ́ orí písítìnì kan, ẹ fi gasket àtijọ́ dè é wò, kí ẹ fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì ní ìyípo méjì. Ẹ fi tápẹ́ẹ̀tì tí kò lè tẹ̀ wọlé ṣe ìwọ̀n yìí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni amọ̀ máa pa fún yín. Ẹ gé amọ̀ náà níbi tí fáàfù ti tẹ̀ ẹ́, ẹ wọn ìsanra rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín ní 2.0 mm lábẹ́ fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, tàbí 2.5 mm lábẹ́ èyí tó ń tú èéfín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń fò kọjá ni push rod, ọ̀pá tó ń gbé ìtì tápẹ́ẹ̀tì lọ sókè sọ́dọ̀ fáàfù. Ti ilé iṣẹ́ gùn tó ínǹṣì 7.400, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn camshaft alágbára, ìyẹn apá róbótó tí kò yọ gọngọ, sábà máa ń kéré ju ti ilé iṣẹ́ lọ, èyí á sì mú kí gígùn yẹn kúrú jù. Ẹ ra push rod ìwọ̀n tó ṣeé fà gùn. Bí fáàfù èéfín sílíńdà kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, fáàfù afẹ́fẹ́ rẹ̀ lẹ máa wọn. Bí ti afẹ́fẹ́ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tì tán, ẹ wọn ti èéfín. Ẹ fà á gùn títí tí mímì fi tán láìtẹ tápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá fi 1.0 sí 2.0 mm kún un, àfi tí ẹni tó ṣe tápẹ́ẹ̀tì bá sọ iye mìíràn. Bí ó bá kéré jù, ariwo kò ní lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, fáàfù kò ní jókòó tán, compression á lọ, etí fáàfù á jó.

Brain box ni ẹ máa kọ́kọ́ wá ojútùú sí, kí sípánà tó kan bóòtù kankan. Ẹni tó ní sọ́fítíwíà ni kó pa AFM níbẹ̀, kó sì tún slow ẹ́ńjìnnì ṣe. Bí ẹ kò bá tíì rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì tú u.

Ní ti títóbi camshaft: Yukon wúwo, AC kò sì ṣeé pa nínú go-slow Kubwa sí Wuse. Ẹ wo iye dígíríì tí wọ́n kọ sí i ní 0.050 (ínǹṣì tí tápẹ́ẹ̀tì ti gbéra), ìyẹn bí fáàfù ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí. Bíi 210 tó fún yín. Bí ó bá kọjá 220, torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíà) náà á fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ òun, ọkọ̀ á sì máa gbọ̀n níbi iná tráfíìkì. Ariwo yẹn dùn létí ọ̀dọ́, kì í dùn létí ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé.

Ẹ́ńjìnnì Chevrolet 350 àtijọ́ ló wà nínú pickup mi. Mo rí camshaft tuntun ní Panteka. Tápẹ́ẹ̀tì mi kì í ṣe oníróólà, wọ́n ṣì mọ́ dáadáa. Ṣé kí n dá wọn padà? — Òǹkàwé, Kaduna

Rárá. Abẹ́ tápẹ́ẹ̀tì yẹn kò tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe rí lójú. Ó yọ díẹ̀ láàárín, ẹyin camshaft sì dàgẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn ló ń mú tápẹ́ẹ̀tì yí bírí. Èyí tó ti bá camshaft kan ṣiṣẹ́ ti jẹ mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá gbé e sórí tuntun, kò ní yí, á sì jẹ ẹyin náà run láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹ fi páàsìtì moly ra gbogbo ẹyin. Bí spring fáàfù bá jẹ́ onílọ́po méjì, ẹ yọ ti inú títí ẹ ó fi parí sísítáàtì àkọ́kọ́ tí a fẹ́ sọ yìí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀, kó gbé lọ sí 2,000 sí 2,500 rpm lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó wà níbẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kó wà lórí slow, torí ọ́ìlì tí crankshaft ń fọ́n sókè ló ń dáàbò bo camshaft, slow kì í sì í fọ́n ọ́ìlì tó. Nítorí náà, omi radiator, epo àti timing gbọ́dọ̀ ti pé kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọ́ìlì pẹtiróòlù òde òní tó fúyẹ́, bíi 5W-30 tí wọ́n kọ SN tàbí SP sí, ti dín zinc kù. Ẹ lo èyí tó ní ZDDP (èròjà zinc tó ń dáàbò bo irin) púpọ̀, tàbí ọ́ìlì dísù 15W-40 CI-4. Bó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́ ni, ẹ má ṣí ẹ́ńjìnnì síta gbangba. Eruku yẹn máa ń lọ irin bíi sándípépà.

Corolla 2005 (1ZZ-FE) ni tèmi. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ lọ camshaft rẹ̀ kó lè lágbára, ó wá ń pariwo. Báwo la ṣe ń mọ tápẹ́ẹ̀tì tó yẹ ẹ́? — Òǹkàwé, Jos

Tápẹ́ẹ̀tì tiyín kò fi ọ́ìlì tún ara rẹ̀ ṣe. Ó dà bí ife kékeré, ìsanra rẹ̀ ló sì ń pinnu àlàfo tó wà láàárín òun àti camshaft. Nígbà tí wọ́n lọ camshaft, ẹ̀yìn rẹ̀ kéré sí i, àlàfo wá tóbi. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, ẹ gbé ẹyin kúrò lórí tápẹ́ẹ̀tì, ẹ fi feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wọ̀n ọ́n. Ti ilé iṣẹ́ ni 0.15 sí 0.25 mm fún afẹ́fẹ́, 0.25 sí 0.35 mm fún èéfín. Bí ẹni tó lọ̀ ọ́ bá fún yín ní iye tirẹ̀, tirẹ̀ lẹ máa lò.

Ẹ mú ìsanra tápẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ẹ fi àlàfo tí ẹ wọ̀n kún un, ẹ yọ 0.20 kúrò fún afẹ́fẹ́ tàbí 0.30 fún èéfín. Ká ní ti afẹ́fẹ́ jẹ́ 5.120 mm, àlàfo sì jẹ́ 0.62: èyí tí ẹ máa rà ni 5.540. Ìwọ̀n 35 ló wà, láti 5.060 dé 5.740, ní ìgbésẹ̀ 0.020. Bí ìṣírò yín bá kọjá 5.740, wọ́n ti lọ camshaft náà jù, kò sí tápẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó máa gbà á là.

Afẹ́fẹ́ Jos fúyẹ́ tẹ́lẹ̀, torí ìlú yín ga tó bíi mítà 1,200 sókè òkun. Camshaft tó ń ṣí fáàfù pẹ́ á tún mú agbára ìsàlẹ̀ lọ, gẹ́gẹ́ níbi tí ẹ ti nílò rẹ̀ láti gun òkè. Tiwa bá jẹ́, ti ilé iṣẹ́ la máa dá padà.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ lò ó, ẹ yọ tensioner (ohun tó ń mú kí chain le) kí ẹ tó tú sprocket, ẹ so chain mọ́ nǹkan kó má baà já sísàlẹ̀. Ìbòrí bíárìn àkọ́kọ́ gba 23 Nm, àwọn yòókù 13 Nm, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ sì máa dè wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ yí crankshaft ní ìyípo méjì gbáko kí ẹ tó fọwọ́ kan sítátà. Bí ó bá gán níbì kan, ẹ má fi agbára tì í. Fáàfù ló ti kan písítìnì.