Èéfín títì àti kíndìnrín: ṣé fítámì C lè gbà mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ilé mi ò jìnnà sí títì tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà tọ̀sán tòru. Mo mọ̀ pé èéfín ń fa ikọ́, àmọ́ ẹnìkan ní ó ń ba kíndìnrín jẹ́ pẹ̀lú, pé kí n máa lo fítámì C púpọ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ti kíndìnrín yẹn, òótọ́ ni. Ti fítámì C, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa.

Èéfín tí ẹ ń fojú rí kọ́ ló burú jù. Èyí tójú ò rí ni, tí à ń pè ní PM2.5: eruku tí ìbú rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ. Irun orí kan ṣoṣo nípọn ju èyí lọ ní ìlọ́po 20 ó kéré tán. Irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ń dá eruku ńlá dúró, àmọ́ èyí ń yọ́ kọjá títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ara á gbé ìjà kò ó níbẹ̀, oró ìjà náà á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri. Èyí tó kéré jù nínú eruku náà lè bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ló ń gba kíndìnrín kọjá, nítorí náà kò lè ṣe kó má kan án. Nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, oró yìí ń jẹ nǹkan bí ìpẹtà ṣe ń jẹ irin. Ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára máa ń tètè fara gbá. Sẹ́ẹ̀lì á kú, àpá á bo ojú ibẹ̀. Àpá kì í sẹ́ ẹ̀jẹ̀. Irin olóró bíi cadmium tún lè lẹ̀ mọ́ eruku náà, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń lò nínú kíndìnrín kó tó jáde.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tọpa àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, fún ohun tó lé ní ọdún 8. Níbi tí PM2.5 ti pọ̀, àrùn kíndìnrín pọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ò tó láti dá èéfín lẹ́bi, àmọ́ ó bá ohun tí a rí nínú sẹ́ẹ̀lì mu.

Fítámì C àti E ń dín ìbàjẹ́ yìí kù lára eku àti nínú àwo ìwádìí. Lára èèyàn, a ò tíì ní oògùn kankan tó fìdí múlẹ̀. Fítámì C àlòjù sì ń di oxalate nínú ara, èyí tó lè di òkúta kíndìnrín. Ẹ wá wò ó: ẹ ń sá fún èéfín, ẹ wá ń fọwọ́ ara yín kó òkúta síbẹ̀!

Afẹ́fẹ́ gan-an ni kí ẹ bá jà. Nígbà tí ọkọ̀ bá pọ̀, ẹ ti fèrèsé tó kọjú sí títì. Tí ẹ bá ń jáde, ìbòmú N95 tó fún mọ́ ojú ni. Aláṣọ ò sẹ́ nǹkan gidi. Bí agbára bá ká a, ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń fọ afẹ́fẹ́ mọ́, tó ní asẹ́ HEPA tó ń mú eruku kéékèèké, sí yàrá tí ẹ ń sùn. Ẹ má fa sìgá, ẹ má sì gbà kí wọ́n fà á nínú ilé yín.

Ẹ tún ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, torí àwọn ló ń ba kíndìnrín jẹ́ jù. Kíndìnrín kì í tètè dun ni, nítorí náà ẹ má dúró de ìrora: ẹ ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò fún albumin (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó máa jò sínú ìtọ̀), kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún creatinine (ìdọ̀tí ara tí kíndìnrín yẹ kó sẹ́ dànù).