Montani Semper Liberi: "ọmọ" ni Látìn ń wí

Ìyá Bísí, ẹ kú oríire ọmọ tó fẹ́ gboyè ní Morgantown. Ẹ ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ Látìn mẹ́ta tó wà lára òǹtẹ̀ ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, Montani semper liberi, kí ẹ lè kọ ọ́ ní Yorùbá sára aṣọ tí ẹ fẹ́ pín fún àwọn àlejò. Ẹ tún fi ohùn oníwàásù kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "ẹni tó bá gun orí òkè yóò di òmìnira", àti pé torí West Virginia kórìíra kí èèyàn máa ní ẹrú ló ṣe yapa kúrò lára Virginia. Mo gbọ́ ohùn náà dé òpin, inú sì bí mi. Báwo lèèyàn ṣe máa fi ẹnu kan ba Látìn àti ìtàn jẹ́ pa pọ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọdún márùn-ún ni mo fi kọ́ Látìn nílé ẹ̀kọ́ girama, láyé ìgbà tí pàṣán ò jìnnà sí ẹni tó bá ṣì í kà, ẹ lè gbà mí gbọ́. Montani, àwọn ará orí òkè. Semper, ìgbà gbogbo. Liberi, àwọn tí kì í ṣe ẹrú. Ó parí. Kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan níbẹ̀. Ibo ni oníwàásù ti rí "gun"? Ibo ló ti rí "yóò di"? Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni wá gun òkè o. Àwọn tó ti wà lórí òkè tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́.

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà sì dúró lé nìyí. Ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀, libertus ni Látìn ń pè é. Bí wọ́n bá pọ̀, liberti. Lẹ́tà t yẹn ló yà á sọ́tọ̀ kúrò lára liberi, ìyẹn gbogbo ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Orúkọ kan náà, liberi, ni àwọn ará Róòmù ń pe àwọn ọmọ inú ilé, àwọn tí onílé bí. Ẹ ò rí i pé ilé wa gan-an nìyẹn? Nínú agbo ilé Yorùbá, ta ni òdìkejì ẹrú? Ọmọ ni. "Bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ." Ìdí nìyí tí mo fi ń bá gbogbo ẹni tó bá fi "òmìnira" túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí jà. Òmìnira ṣeé gbà lọ́wọ́ ẹni, ìjọba lè kọ ọ́ sínú ìwé fúnni. Jíjẹ́ ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ló ti ń wá. Ohun tí àwọn ará òkè yẹn ń sọ ni pé, "Ọmọ la jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi wá ṣe ẹrú."

Ta ló wá fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹrú? Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Òkè Allegheny na gbọọrọ sáàárín bí ògiri. Omi tó bá wà níhà ìlà oòrùn rẹ̀ ń bá odò Potomac àti James lọ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Èyí tó wà níhà ìwọ̀ oòrùn ń gba Monongahela àti Kanawha bọ́ sínú Ohio, ó di Mississippi, ó di òkun ìhà Mẹ́síkò. Ibi tí omi ń ṣàn lọ nígbà náà ni ọjà ń gbà. Ará Wheeling ń bá Pittsburgh àti Cincinnati ná ọjà, ṣùgbọ́n Richmond, olú ìlú Virginia, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún, ló ń ṣòfin fún un. Títí di 1851, òfin Virginia so ìbò mọ́ ohun ìní. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣe lọ́dún náà, wọ́n da omíràn sí i: ilẹ̀ yóò máa san owó orí lórí iye rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹrú tí kò tíì pé ọmọ ọdún 12 kò ní san nǹkan kan lé olówó rẹ̀ lórí, àgbà ẹrú kò sì ní kọjá 300 dọ́là nínú ìwé owó orí, bẹ́ẹ̀ ẹrú tó bá ta kébé ń lé ní 1,000 dọ́là lọ́jà. Olóko ńlá ìhà ìlà oòrùn ń jẹ èrè, ará òkè ń sanwó. Òkè ló fa ìyapa náà, ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà kàn ṣí ilẹ̀kùn fún un ni. Nígbà tí Virginia dìbò lóṣù kẹrin 1861 pé òun ń fi Amẹ́ríkà sílẹ̀, ará òkè pàdé ní Wheeling, wọ́n ní àwọn ò bá wọn lọ. Ààrẹ Lincoln fọwọ́ sí òfin tó fún wọn ní ìpínlẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1862, West Virginia sì di ìpínlẹ̀ karùndínlógójì ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà 1863.

Ẹ gbé òǹtẹ̀ náà sún mọ́ ojú. Joseph Diss Debar, ọmọ ilẹ̀ Alsace tó wá tẹ̀dó síbẹ̀, ló yà á. Àpáta kan wà láàárín, ọjọ́ tí ìpínlẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ wà lára rẹ̀. Àgbẹ̀ kan di àáké mú lápá kan, awakùsà gbé ohun ìwalẹ̀ rẹ̀ lé èjìká lápá kejì. Nísàlẹ̀, ìbọn méjì dábùú ara wọn, fìlà kan sì wà lórí wọn. Irú fìlà tí wọ́n ń dé fún ẹrú tí wọ́n bá dá sílẹ̀ ní Róòmù àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1863 tí wọ́n yà á yẹn, ẹrú ṣì wà ní West Virginia! Ní 1860, nǹkan bí 18,000 ẹrú ló wà ní àgbègbè náà. Ìwé òfin àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ kò tú ẹnì kan sílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ní kí wọ́n lọ tún un kọ. Ohun tí wọ́n wá fi sí i ni pé ọmọ tí ẹrú bá bí lẹ́yìn ọjọ́ 4 oṣù Keje 1863 kì í ṣe ẹrú, èyí tí kò tíì pé ọmọ ọdún 10 yóò dúró di 21, èyí tó wà láàárín 10 sí 21 yóò dúró di 25. Ẹni tó bá ti kọjá 21 kò sí nínú ìwé. Oṣù Kejì 1865 ni wọ́n tó fòpin sí i.

Àwọn àgbà ní: "Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ó ń dùn mí pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní, àti àwọn àgbà mìíràn pàápàá, máa ń dúró sí "ariwo ta". Wọ́n á gé òwe náà sí méjì, wọ́n á ju ibi tí ọgbọ́n wà nù. Mo lọ sí Malden, ìlú kékeré kan létí odò Kanawha, torí ọ̀rọ̀ yìí. Òkè há ìlú náà mọ́ odò débi pé ilé tẹ̀lé ilé lẹ́sẹẹsẹ bí ìlẹ̀kẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹrú se omi iyọ̀ títí yóò fi di iyọ̀. Ibẹ̀ ni Booker T. Washington, gbajúmọ̀ olùkọ́ni dúdú Amẹ́ríkà, bá ìyá rẹ̀ wá lọ́dún 1865, nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ ní Virginia. Ó bá ọkọ ìyá rẹ̀ ṣiṣẹ́ iyọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára àgbá iyọ̀ ọkọ ìyá rẹ̀ ni 18, nọ́ńbà yẹn sì ni ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà mọ̀ ọ́n kà láyé rẹ̀. Ọmọ nìyẹn. Ará òkè sì ni.

Tiwa náà wà níbẹ̀, àwọn èèyàn ti gbàgbé. Charles Town, tó ti di ara West Virginia báyìí, ni wọ́n bí Martin Delany sí lọ́dún 1812. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ẹrú, ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹrú. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn ọmọ obìnrin náà mọ̀wé, tí òfin sì lòdì sí i, ó kó wọn sá lọ sí Pennsylvania. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 1859, wọ́n so John Brown kọ́ ní Charles Town kan náà, torí ó gbìyànjú láti fi ìbọn dá ẹrú sílẹ̀ ní Harpers Ferry. Lóṣù yẹn gan-an, ọjọ́ 27, Delany wà ní Abẹ́òkúta, lábẹ́ Olúmọ, tó ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Aláké àti àwọn ìjòyè Ẹ̀gbá pé kí àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà lè wá tẹ̀dó síbẹ̀. Àdéhùn náà kò fìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọn kò fẹ́ kó kàwé nílùú tí wọ́n bí i sí ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ níwájú ọba Ẹ̀gbá.

Àwọn kan tún so ọ̀rọ̀ Látìn yìí mọ́ ogun àwọn awakùsà ní Blair Mountain, ní West Virginia kan náà, lọ́dún 1921. Ìtàn ńlá ni, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ti lo ọdún 58 kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín jiyàn pé "ará òkè" jẹ́ èébú. Mo mọ̀ pé ará Èkó ń fi ṣe èébú, bí òyìnbó ìlú ńlá ṣe ń fi òkè bú àwọn ará West Virginia. Ará Èkó kan náà ló ń fi aṣọ òkè ṣe ìyàwó.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ nìyí: "Ará òkè, ọmọ ni nígbà gbogbo." Kí ẹ fi Látìn rẹ̀ sísàlẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó máa kọ ọ́ sáṣọ pé kó fi àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ sí i pátá. Bí kò bá sí àmì, ará á di ara tí à ń wẹ̀, òkè á sì di ọ̀kẹ́ tí à ń di ìrẹsì sí.