Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ 3D mi ṣe irin tó fúyẹ́ bí ìyẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Drone ni mo ń kọ́ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi ní poli. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ 3D kékeré, irú èyí tó ń lo rẹ́sìn olómi. Mo wá rí àwòrán irin kan tó jókòó sórí òdòdó dandelion tí òdòdó náà kò tẹ̀. Ṣé mo lè ṣe irú rẹ̀ kí apá drone mi lè fúyẹ́? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Irin yẹn gan-an, o ò lè ṣe é nílé. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ lo lè mú lò, ẹ̀rọ tó o rà sì tó o ṣe. Àmọ́ apá drone kọ́ ni màá ní kó o fi ṣe.

Ọdún 2011 ni àwòrán yẹn jáde. Ilé ìwádìí HRL Laboratories ní Malibu, ní California, ló ṣe irin náà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní yunifásítì Caltech àti ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine. Orúkọ Tobias Schaedler ló ṣáájú lórí ìwé ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ sínú Science, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Nickel tó ní phosphorus díẹ̀ nínú ni wọ́n fi ṣe é, kò sí idán kankan níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nínú gbogbo àyè tí irin náà gbà, 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́ afẹ́fẹ́. Lítà kan rẹ̀ kò wọn ju gíráàmù 0.9 lọ. Bí o bá gé èyí tó tóbi tó ọ̀rá piọ̀ wọ́tà kan, omi inú ọ̀rá yẹn á wọn ìdajì kílò, irin tìrẹ kò ní í tó ìdajì gíráàmù. Ẹnì kan bi mí rí pé, bó bá fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ tó gba àyè kan náà lọ, kí ló dé tí kò fò lọ? Afẹ́fẹ́ ló kún gbogbo ihò rẹ̀, wọn kì í sì í ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ yẹn mọ́ ọn. Ẹni tó ń wọn àwọ̀n ẹja kì í wọn odò mọ́ ọn.

Rẹ́sìn olómi ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bíi tìrẹ. Wọ́n fi ìbòjú tó ní ihò wínníwínní bò ó, wọ́n sì tan ìmọ́lẹ̀ ultraviolet gba inú àwọn ihò náà láti ìhà mélòó kan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti bà á á le, ibi tó le náà á sì di ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà lọ síwájú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣe ń gùn tí wọ́n á fi so kọ́ra. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rì í sínú kẹ́míkà tó ń fi nickel bo nǹkan láìlo iná mànàmáná, tí wọ́n sì fi caustic soda fọ rẹ́sìn inú rẹ̀ dànù. Ọ̀pá oníhò ló kù, bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí a máa ń fọn nígbà tí a wà lọ́mọdé, àfi pé ìnípọn ara rẹ̀ jẹ́ nanometre 100, ìyẹn nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún irun orí. Tínínrín tó tín-ín-rín yìí ni kò jẹ́ kó kán. O lè tẹ̀ ẹ́ títí gíga rẹ̀ á fi ku ìdajì, kó sì tún dìde padà. Bébà ṣe é ká, pákó kò ṣe é ká, bẹ́ẹ̀ igi kan náà ni wọ́n ti wá.

Fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí, torí òun ni iṣẹ́ rẹ wà. Nǹkan tó fúyẹ́ kò ṣòro ṣe; fóòmù bẹ́ẹ̀dì rẹ fúyẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí o bá dín ìwúwo fóòmù kù sí ìdajì, líle rẹ̀ kì í dúró ní ìdajì, ìdá mẹ́rin ló ń já sí. Bí o bá dín in kù sí ìdá mẹ́wàá, líle rẹ̀ á ṣẹ́ kù sí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí ni pé bí ẹrù bá dé, ńṣe ni àwọn ọ̀pá inú fóòmù ń tẹ̀, ọ̀pá tó bá sì ń tẹ̀, apá kan ara rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́ gidi. Irin Malibu tó o rí yẹn náà ń tẹ̀ ni, ó fúyẹ́ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò le.

Lọ wo káfíńtà tó ń kan òrùlé. Bó bá kan igi mẹ́rin pọ̀ ní onígun-mẹ́rin, tó o sì fọwọ́ tì í, á wó sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá fi igi kan dábùú rẹ̀, ó di onígun-mẹ́ta méjì, kò sì níbi tí yóò yẹ̀ sí mọ́. Kò sí igi tó ń tẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń gba fífà, àwọn kan ń gba títì, gbogbo ara igi ló sì ń ṣiṣẹ́. Bí àwọ̀n ọ̀pá tí wàá fi ẹ̀rọ rẹ ṣe bá rí báyìí, tó o dín ìwúwo rẹ̀ kù sí ìdá mẹ́wàá, líle rẹ̀ náà kò ní í lọ jìnnà sí ìdá mẹ́wàá. Ohun tí àwọn ará ilé ìwádìí Lawrence Livermore àti yunifásítì MIT, ní Amẹ́ríkà, ṣe lọ́dún 2014 nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó jọ tìrẹ, ṣùgbọ́n tó mú ju tìrẹ lọ fíìfíì. Octet truss ni wọ́n ń pe àgbékalẹ̀ náà, ohun tí wọ́n fi ṣe sì gbé ẹrù tó wúwo tó ìlọ́po 160,000 ara rẹ̀.

Ní ti apá drone: apá yẹn máa ń tẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ bí mọ́tò bá ń fà á. Ohun tó bá ń tẹ̀ báyìí, ìta ló yẹ kí gbogbo agbára rẹ̀ wà, kí inú rẹ̀ ṣófo. Ọ̀pá carbon fibre oníhò ti ṣe iṣẹ́ yẹn tán. Rẹ́sìn rẹ kò lè bá a dù ú, á sì sán bí mọ́tò bá ti gbọ̀n ọ́n títí. Fi àwọ̀n tìrẹ ṣe ẹsẹ̀ tí drone fi ń balẹ̀, àti ìjókòó kámẹ́rà. Fún ìjókòó kámẹ́rà, octet. Fún ẹsẹ̀, yọ igi dábùú yẹn kúrò, kó o lo rẹ́sìn tó rọ̀, torí níbẹ̀ a fẹ́ kó tẹ̀, kó gba ìgbọ̀nrìrì náà mọ́ra.

Fi ẹ̀rọ rẹ tẹ bíríkì octet kékeré kan wò ná, mìlímítà 32 ní gbogbo ìhà, kí yàrá kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, kí ọ̀pá nípọn tó 0.6. Má ṣe jẹ́ kí ọ̀pá tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà àkọ́kọ́, ìwé tó bá ẹ̀rọ wá lè sọ pé 0.2 ṣeé ṣe, àmọ́ ọ̀pá á ti ṣẹ́ kó tó kúrò nínú abọ́. Má sì fi ògiri yí i ká, kí rẹ́sìn lè rí ọ̀nà jáde. Wọ ìbọ̀wọ́, fi spirit fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kó o fẹ́ ẹ dáadáa kó o tó gbé e sábẹ́ iná tó máa sọ ọ́ di líle. Wá gbé e sórí ìwọ̀n. Bíríkì tí kò ní ihò rárá á wọn nǹkan bíi gíráàmù 36 sí 38. Tìrẹ yẹ kó sún mọ́ 3. Bó bá wọn 6, rẹ́sìn ti há sí oríkèé àwọn ọ̀pá, o ò fọ̀ ọ́ tó, ìyẹn ló sì máa ń ba iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jù. Lẹ́yìn náà ni kó o to ẹrù lé e títí yóò fi fọ́, kó o kọ ibi tó ti kọ́kọ́ ṣẹ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àárín ọ̀pá, ọ̀pá gùn jù, yàrá mìlímítà 6 ni kó o tẹ̀ tẹ̀ lé e. Bó bá jẹ́ oríkèé, sọ ibẹ̀ di róbótó díẹ̀.

Má gbìyànjú láti fi nickel bò ó, kó o wá se rẹ́sìn inú rẹ̀ dànù nínú caustic soda. Rẹ́sìn tí wọ́n lò ní Malibu yàtọ̀. Irú tìrẹ kì í sábà yọ́ nínú rẹ̀, caustic soda gbígbóná sì lè fọ́ ojú èèyàn kó tó mọ̀.