Èsì: Ṣé tọ́ọ̀ṣì kan tó fún òmùwẹ̀ lóru?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò Íjíbítì. Ẹ ní ṣé tọ́ọ̀ṣì kan tó láti fi wọ Òkun Pupa lóru, àti ṣé kí ẹ so iná tó ń ṣẹ́jú mọ́ sìlíńdà afẹ́fẹ́ tí ẹ ó gbé sẹ́yìn. Kan ò tó rárá. Ẹ fi kékeré kan sápò. Bí ńlá bá kú, òun lẹ ó fi jáde, ẹ má fi í wòran lọ o.

Ti sìlíńdà, iná tó dúró sójú kan ni kí ẹ lò. Èyí tó ń ṣẹ́jú ń da ojú ẹlòmíì láàmú. Ọ̀pọ̀ ló ń fi í pamọ́ fún ìgbà ewu, tàbí kí wọ́n so ó sábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n lè mọ̀nà padà.

Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ya òbìrí díẹ̀díẹ̀ sórí iyanrìn níwájú ẹnìkejì yín, "kò séwu" nìyẹn. Ẹ jù ú sọ́tùn-ún sósì kíákíá, wàhálà ti dé nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fẹ́ fi sọ̀rọ̀, ẹ tanná sí ọwọ́ náà níbi àyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan án síni lójú!

Ọkọ̀ ńkọ́? Àsíá tí ọkọ̀ fi ń sọ pé òmùwẹ̀ wà lábẹ́ omi ò ṣeé rí lóru. Iná pupa, funfun, pupa, lórí ara wọn, ni òfin òkun ní kí ọkọ̀ tó ní òmùwẹ̀ lábẹ́ tàn. Ẹ wò ó kí ẹ tó bọ́ sómi.