Èsì: Ṣé Hunter ló kọ́ Jenner ní àjẹsára ìgbóná?

Ẹ kú ìbéèrè. Rárá o, John Hunter kọ́ ló kọ́ Edward Jenner, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àjẹsára ìgbóná (ìyẹn ṣọ̀pọ̀nná), nítorí pé Hunter, oníṣẹ́-abẹ, ti kú ní ọdún 1793, ọdún 1796 sì ni Jenner tó dán an wò lára ọmọdékùnrin James Phipps.

Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ọgbọ́n ìwádìí ni ẹ ń béèrè, ọ̀dọ̀ Hunter ló ti kọ́ ọ ní London, láti ọdún 1770.

Lẹ́tà tí Hunter kọ sí Jenner ní ọdún 1775 ni kí ẹ wò. Jenner ti padà sí Berkeley, ìlú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà náà, ọ̀rọ̀ ẹranko kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan tó máa ń sùn nígbà òtútù ló sì délẹ̀. Hunter gbà pé èrò ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tọ̀nà, síbẹ̀ ó bi í pé kí ló dé tó fi ń rò ó, tí kò dán an wò. Ìbéèrè yẹn wú mi lórí gidigidi.