Òṣìṣẹ́ èèrà mẹ́fà kò tíì tó kó sí ilé ńlá

Ẹ bi mí bóyá kí ẹ kó àwọn èèrà tí ẹ ń tọ́ kúrò nínú túùbù lọ sí ilé tí ẹ rà fún wọn. Rárá o, ẹ má tíì kó wọn. Ilé P.O.P. tí ẹ rà yẹn dára, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ mẹ́fà kò tó ẹni tí à ń kó síbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí. Ayaba yín ti yé, òṣìṣẹ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ti jáde nínú túùbù gíláàsì, wọ́n sì kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ ju odidi ìrẹ̀ sí wọn, wọn ò kà á sí. Bí ẹ bá ti tan iná wò wọ́n lálẹ́, ayaba á gbé ẹyin sẹ́nu, á máa sá kiri. Òwú tó dí omi mọ́ ìdí túùbù ti ń di pupa rúsúrúsú. Ẹ wá ń rò ó pé àyè ló há wọn mọ́. Ẹ tún ti rí ayaba mìíràn mú, ó sì ń ṣe yín bíi kí ẹ pa àwọn méjèèjì pọ̀.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń tọ́ èèrà gbẹ́nàgbẹ́nà, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ́ wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ojú mi rí ni pé ìdílé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í sábà kú nítorí ohun tí ẹni tó ń tọ́ ọ kò ṣe. Àṣejù ló ń pa á. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ gbọ́dọ̀ fẹ̀sọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí kíkéré wọn. Ayaba Camponotus, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe èèrà gbẹ́nàgbẹ́nà, kì í jẹun nígbà tó bá ń dá ìdílé sílẹ̀. Lẹ́yìn tó bá ti gùn tán lójú ọ̀run, á já ìyẹ́ rẹ̀ dànù, á wá ihò tóóró kan nínú igi tó ti ń jẹrà, á sì ti ara rẹ̀ mọ́bẹ̀. Iṣan tó fi ń fò kò wúlò fún un mọ́, ara rẹ̀ á wá máa yọ́ iṣan náà àti ọ̀rá tó ní nípamọ́, ìyẹn ló sì ń fi bọ́ àwọn ọmọ. Oúnjẹ yẹn kò pọ̀, nítorí náà àwọn àkọ́bí máa ń rí tín-ín-rín, wọ́n sì máa ń ṣojo. Kò sí àìsàn kankan lára wọn. Àwọn tó bá tẹ̀lé wọn, tí òṣìṣẹ́ bọ́, á tóbi jù wọ́n lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tí orí wọn tóbi gan-an, tí gbogbo wa ń dúró dè, kò sì ní í yọjú títí ilé á fi kún díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àyè wá ńkọ́? Nínú igbó, ihò kékeré yẹn náà ni wọ́n á wà fún ìgbà pípẹ́. Camponotus pennsylvanicus, èèrà dúdú ńlá tó gbilẹ̀ ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, sábà máa ń parí ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ láìju òṣìṣẹ́ mẹ́wàá sí ogún lọ. Ìdílé kan náà yìí, tó bá pé ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà, lè ní òṣìṣẹ́ tó ju 2,000 lọ, ìgbà yẹn ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn oníyẹ̀ẹ́, ìyẹn àwọn akọ àti ayaba tuntun tó ń fò. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn lọ́ra gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ èèrà tó ń pọ̀ kíákíá, kó lọ wá irú mìíràn. Mo ń sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́.

Mo ti rí ohun tí òṣìṣẹ́ mélòó kan máa ń ṣe nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá. Wọ́n á mú yàrá kan fún ayaba, gbogbo ìyókù á di ààtàn. Ẹsẹ̀ kòkòrò, ìyókù oúnjẹ, òkú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n á kó sí kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò lè dé, yóò sì bu níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèrà ní kókó kan ní àyà tó ń tú oògùn tó ń pa ebu àti kòkòrò àìrí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Camponotus kò ní in rárá. Ẹ ò rí i pé ebu inú ilé tó tóbi jù wọ́n lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bákan náà, òṣìṣẹ́ tó bá jáde wá oúnjẹ lè máà mọ̀nà padà wálé. Ní ìdílé ẹlẹ́gbẹ̀rún, ta ni yóò mọ̀? Tiyín ńkọ́, ìdá kan nínú mẹ́fà agbára ilé ló lọ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró láti òní lọ ni wíwò tí ẹ ń wò wọ́n lálaalẹ́. Èèrà kì í gbọ́ ariwo inú afẹ́fẹ́ bíi tiwa, ohun tó bá mi ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ ló ń mọ̀ lára. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà yìí gan-an, bí ewu bá dé, ẹnu àti ìdí ni wọ́n fi ń lu ara igi tí wọ́n ń gbé kí àwọn ará ilé tó wà lókèèrè lè mọ̀. Bí ẹ bá gbé túùbù kalẹ̀ gbì lórí tábìlì, ìlù ìkìlọ̀ ni ẹ lù fún wọn yẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ayaba fi ń gbé ẹyin sá. Ayaba tí wọ́n bá ń dà láàmú léraléra á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹyin ara rẹ̀. Ewu kejì tún wà níbẹ̀. Èèrà wọ̀nyí kì í ta. Wọ́n á gé ni jẹ, wọ́n á sì tú ásíìdì sójú ibẹ̀. Nínú túùbù tóóró tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, bí ìpayà bá mú kí gbogbo wọn tú u síta lẹ́ẹ̀kan, òórùn rẹ̀ lè pa àwọn fúnra wọn. Nítorí náà, ẹ má gbọn èèrà jáde nínú túùbù àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá.

Ẹ fi ọ̀rá pupa tàbí aṣọ dúdú bo túùbù. Èèrà kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìmọ́lẹ̀ pupa, nítorí náà lábẹ́ ọ̀rá pupa, ẹ lè rí wọn kí ó sì dà bí òkùnkùn lójú tiwọn. Ẹ gbé e sí ibi tí ìlẹ̀kùn, fíríìjì tàbí ẹ̀rọ orin kò ti ní í máa mì ín. Ẹ wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fún wọn ní oúnjẹ. Mo mọ̀ pé ó nira. Nítorí àtiwò wọn náà ni a ṣe ń tọ́ wọn.

Oúnjẹ wá kù. Ohun dídùn ni ẹ óò fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹran. Ẹ po ìdá kan oyin mọ́ nǹkan bí ìdá mẹ́ta omi, tàbí kí ẹ yọ́ ṣúgà sínú omi. Oyin tó ki máa ń lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, èèrà kékeré lè kú sínú rẹ̀. Ẹ kán an sórí ègé ọ̀rá tí kò ju èékánná lọ, kí ó jẹ́ ẹ̀kán kan péré, kí ẹ fi ẹ̀mú tì í sẹ́nu túùbù. Ẹ má kán an sórí òwú. Kò sí ohun tó ń yára bu tó bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan péré tó bá mu ún yó á padà sílé, á sì máa pọ̀ ọ́ fún àwọn yòókù lẹ́nu, nítorí pé ó ní àpò kan nínú ikùn tó wà fún gbogbo ilé. Ẹ óò mọ ẹni tó ti yó. Ìdí rẹ̀ á wú, awọ tó bò ó á fà ya síra wọn, ẹ óò máa rí ilà tó mọ́lẹ̀ láàárín wọn. Bí ẹ bá ti rí ìyẹn lára ẹnì kan tàbí méjì, ẹ yọ oúnjẹ kúrò. Ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tún nílò rẹ̀.

Ìrẹ̀ tí wọn ò fọwọ́ kàn kò yà mí lẹ́nu. Àwọn ìdin ni wọ́n ń wá ẹran fún. Ilé tó bá jẹ́ ẹyin àti àpò tí ìdin hun yí ara rẹ̀ ká nìkan ló wà níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ kòkòrò. Odidi ìrẹ̀ sì jẹ́ erin lójú òṣìṣẹ́ àkọ́bí, bó bá wà láàyè pàápàá, òun gan-an ló lè ṣe wọ́n léṣe. Ẹ kọ́kọ́ pa á, kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ gé itan rẹ̀, kí ẹ là á kí inú rẹ̀ hàn, kí ẹ fún wọn ní ìyẹn nìkan. Àwọn eṣinṣin kéékèèké tó ń bà lé èso náà dára púpọ̀. Ẹ kó ìyókù kúrò kó tó pé ọjọ́ kan. Ẹ má sì mú kòkòrò láti ibikíbi tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fín oògùn apakòkòrò sí. Mo mọ ìdílé tó dára tí ẹyọ aáyán kan ṣoṣo pa run láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ń mu ohun dídùn nìkan fún ìgbà díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Blochmannia, inú ara wọn ló ń gbé, láti inú ẹyin ni ìyá ti ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ń bá wọn ṣe díẹ̀ lára èròjà purotéènì tí oyin àti ṣúgà kò ní. Àmọ́ bí ìdin bá ti pọ̀, ẹran di dandan.

Nípa ooru, 24 sí 28°C dára fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ jẹ́ kí apá kan túùbù móoru ju èkejì lọ, kí ayaba fúnra rẹ̀ yan ibi tó wù ú. Ẹ má fi ooru sí apá omi, torí pé gíláàsì á làágùn, ẹyin á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Oòrùn tààrà lára gíláàsì kì í pẹ́ pa wọ́n. Láti ẹyin di òṣìṣẹ́ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá. Bí ìdin bá ti hun àpò yí ara rẹ̀ ká, tí ẹ rí àmì dúdú kan ní ìdí àpò náà, ìgbẹ́ tó ti kó pamọ́ láti kékeré ló yà sílẹ̀ yẹn, àmì pé nǹkan ń lọ dáadáa ni. Ẹ má là á wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń gé àpò náà kí àbúrò wọn lè jáde, á sì funfun ràkọ̀ràkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí awọ rẹ̀ tó le.

Ẹ ò sọ irú èyí tí ẹ ní, ó sì ṣe pàtàkì. Bó bá jẹ́ ti ilẹ̀ olótùútù bíi Camponotus herculeanus, ligniperda tàbí vagus, ó gbọ́dọ̀ sinmi nínú òtútù, nǹkan bí 5 sí 10°C, fún bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún lọ́dún. Kí àkókò náà tó dé, ayaba á ṣíwọ́ yíyé, àwọn ìdin kò ní í dàgbà mọ́, kódà bí ẹ bá ń fi ooru sí wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé wọ́n ń kú lọ nígbà yẹn, wọ́n á tún fi ooru kún un, wọ́n á wá fi ìyẹn da gbogbo ọdún tó tẹ̀lé e rú. Irú ti ilẹ̀ olóoru bíi Camponotus maculatus kò nílò oorun òtútù yìí.

Òwú tó ń pọ́n kì í ṣe ìdí láti kó kúrò. Bí omi bá fẹ́ tán, tàbí tí ebu bá ti ń sún mọ́ àwọn ọmọ, ẹ ṣe túùbù tuntun, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ẹnu ti tẹ́lẹ̀, ẹ fi téèpù dè é. Ẹ bo tuntun kó ṣókùnkùn, ẹ ṣí ọ̀rá kúrò lára èyí tó ti gbó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lè kó lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n sì lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbà.

Bí wọ́n bá ti tó ogún sí ọgbọ̀n, tí ilẹ̀ túùbù sì ti kún fún àpò, ẹ so túùbù mọ́ àpótí kékeré tí wọ́n á ti máa jẹun. Ẹ fi páúdà tí ẹ pò mọ́ sípíríìtì kun etí òkè rẹ̀ kí wọ́n má baà gùn ún jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé yín tó kàn, yàrá kan tàbí méjì ni kí ẹ sì ṣí fún wọn, kí ẹ fi òwú dí ìyókù. Bí àyè bá há wọn jù, wọ́n á gbẹ́ òwú náà fúnra wọn. Wọn kì í jẹ igi bí ikán, ṣùgbọ́n ohun tí eyín wọn bá ràn ni wọ́n ń gbẹ́, P.O.P. náà wà lára rẹ̀.

Ayaba kejì, ẹ fún un ní túùbù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn Camponotus kì í gba ju ayaba kan lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fara mọ́ ara wọn fún ìgbà díẹ̀, ìjà sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ti jáde, òkú kan ló sì ń gbẹ̀yìn rẹ̀, tàbí méjì. Ẹ bò ó mọ́lẹ̀, ẹ má fún un lóúnjẹ, ẹ wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Bí ẹ bá rí ẹyin, ẹ wá sọ fún mi irú èèrà tó jẹ́, ká mọ̀ bóyá òtútù kàn án.